OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀ KÌ Í PA ARỌ: Ààbò Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Kàwé Lẹ́yìn Odi ní Àkókò Ìfẹ̀hónúhàn

Ẹni tí ó bá dúró ní etí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ní kùtùkùtù òwúrọ̀, yálà ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní Òkòkòmáíkò, yóò gbọ́ ohùn àwọn tí ń pe èrò sínú ọkọ̀: "Àgbádárìgì! Sẹ̀mẹ̀!" Nínú àwọn èrò ọkọ̀ wọ̀nyí ni a ti ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n gbé àpótí aṣọ àti àpò ìwé dání, tí òbí wọn sì ń sìn wọ́n dé ẹnu ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lọ ná ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ, ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, tàbí ní Lómè. Àwọn ẹlòmíràn láti Ọ̀jọ́ àti Ìbà sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilẹ̀ tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní Yúróòpù, ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà.

Òbí a máa gbàdúrà fún ọmọ kí ó tó lọ, a sì máa fún un ní owó àti oúnjẹ. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í bá ọmọ sọ. Kí ni ọmọ náà yóò ṣe ní ọjọ́ tí àwọn ará ìlú tí ó lọ bá dà sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, tí àwọn ọlọ́pàá àti ológun bá jáde, tí ọ̀nà bá dí, tí fóònù kò sì lọ mọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ là yé àwọn òǹkàwé wa lónìí. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ń gba ẹ̀mí àlejò là ní ọjọ́ ariwo ni ohun tí ó ti ṣètò sílẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, ni aládùúgbò wa tí ó súnmọ́ wa jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi mọ̀ ọ́n sí ilẹ̀ tí òṣèlú rẹ̀ tòrò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò yan àwọn aṣòfin níbẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ alátakò kan ṣoṣo nínú ìdíje náà. Ní ọjọ́ ìbò gan-an, a gé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, àwọn ènìyàn péjọ sí àdúgbò Cadjèhoun ní Kútọnu, ní ìtòsí ilé Ààrẹ àná, Boni Yayi. Àwọn ológun yìnbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò Ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olùfẹ̀hónúhàn fi igi àti táyà dí ọ̀nà ńlá tí ó gba àárín ilẹ̀ náà lọ sí àríwá. Lára àwọn ìlú tí ọ̀nà ti dí ni Tchaourou àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí í ṣe ìlú Yorùbá bíi tiwa. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àwọn ológun lọ ṣí ọ̀nà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó kú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní yunifásítì ìlú Parakou ní ọ̀sẹ̀ náà, tí ó fẹ́ sá wá sí Kútọnu kí ó lè kọjá sí Sẹ̀mẹ̀, àárín ibi tí ìbọn ti ń dún ni ìbá rìn wọ̀. Èyí tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé, tí ó sì ní gààrí àti omi, kò fojú kan ìjà.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọba ti borí wọn, àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó ran ìjọba Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ìfẹ̀hónúhàn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tí ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò mọ̀ pé ìró ìbọn ni yóò jí òun.

Tógò náà ti rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993, a yìnbọn fún àwọn tí ń fi ẹ̀hónú hàn ní Lómè. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn tí ó ju 200,000 lọ ni ó sá gba Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà lọ. Nígbà tí Ààrẹ Eyadéma kú ní oṣù Kejì ọdún 2005, tí wọ́n sì dìbò ní oṣù Kẹrin, rògbòdìyàn tún ṣẹlẹ̀. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé láti 400 sí 500 ènìyàn ni ó kú.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí dìmú. Èkíní, ariwo a máa dé lójijì, pàápàá ní àkókò ìbò. Èkejì, ọ̀nà a máa dí kí àlejò tó mọ̀. Ẹ̀kẹta, íntánẹ́ẹ̀tì ni ohun tí ìjọba ń kọ́kọ́ gé, nítorí náà ẹni tí gbogbo ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú WhatsApp yóò di odi ní wákàtí tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

ÀLEJÒ KÌ Í ṢE ONÍLÉ

Ìfẹ̀hónúhàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gbin. Ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ ni láti sọ fún aláṣẹ pé inú òun kò dùn. Àwa náà ti ṣe é nílẹ̀ wa, a óò sì tún ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ fún onílé lè di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn àlejò. Bí a bá mú onílé, ẹjọ́ ni yóò jẹ́. Bí a bá mú àlejò, ó lè jẹ ẹjọ́, kí a gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì lé e kúrò ní ìlú láìparí ẹ̀kọ́ tí òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ fún.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìfẹ̀hónúhàn ńlá ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bangladesh. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ń gbé ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí a ń pè ní UAE jáde sí ìgboro níbẹ̀ láti kọ́wọ́ ti àwọn ará ilé wọn. Ìjọba ilẹ̀ tí wọ́n wà ni kì í gba irú rẹ̀ láàyè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé-ẹjọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n fún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ti àwọn mẹ́ta, ọdún mẹ́wàá sì ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìyókù. Àforíjì ni ó yọ wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Lárúbáwá nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Momodou Taal, ọmọ Gámbíà tí ó tún jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yunifásítì Cornell sílẹ̀, ó sì jáde kúrò ní ìlú, lẹ́yìn tí a fagi lé físà rẹ̀. Ó ti kópa nínú ìfẹ̀hónúhàn lórí ọ̀rọ̀ Palẹsitínì ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bóyá ó jàre tàbí ó jẹ̀bi kọ́ ni a ń sọ. Ohun tí a ń sọ ni pé físà jẹ́ okùn tí ẹlòmíràn di mú.

Nílẹ̀ tiwa gan-an, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn ènìyàn jáde nítorí ọ̀wọ́ngógó, àwọn agbófinró mú àwọn ọmọ ilẹ̀ Pólándì méje ní Kánò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n, pẹ̀lú olùkọ́ wọn kan, láti Yunifásítì Warsaw. Ẹ̀kọ́ nípa èdè Hausa ni ó gbé wọn wá. Ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n ni pé wọ́n gbé àsíá Rọ́ṣíà láàárín àwọn olùfẹ̀hónúhàn. Ìjọba ilẹ̀ wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà, a sì dá wọn sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ẹ kíyè sí i: àlejò tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí láàárín èrò. Bí ó ti wù kí ó rí ní Kánò, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ọmọ Òkòkòmáíkò tí a bá bá nínú èrò ní Lómè tí kò sì lè dáhùn ní èdè ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ayélujára wà láti ọdún 2018. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, akọ̀ròyìn kan, Ignace Sossou, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ sí orí ìkànnì rẹ̀. Bí èyí bá bá ọmọ onílé, kí ni ọmọ àlejò ń wá tí ó fi ń ya fọ́tò ọlọ́pàá tí ó sì ń tàn án kálẹ̀?

KÍ ỌMỌ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí òbí àti ọmọ jókòó, kí wọ́n sì yẹ àwọn ohun wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian fi hàn bí akọ̀ròyìn rẹ̀ kan ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí nìkan ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò ni pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àlàáfíà, kò lè kà wọ́n ní ọjọ́ ìjà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà: ta ni ó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì? Níbo ni ẹ ń kó wọn jọ sí bí ìlú bá dàrú? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ìdáhùn, ẹ má fi ọmọ yín síbẹ̀.

2. Ìwé ìrìnnà. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1979, fún ọmọ Nàìjíríà ní àyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àyè náà kò lópin. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé ìgbélùú. Ẹni tí kò ní in lè máa rìn láìsí ìyọnu fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá ń dá ènìyàn dúró ní gbogbo oríta, òun ni a óò kọ́kọ́ mú. Kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ní mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀kan nílé lọ́dọ̀ òbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tí ó ṣeé fọkàn tán ní ìlú tí ó ń lọ.

3. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa. Nàìjíríà ní aṣojú ní Kútọnu àti ní Lómè, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Kí ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí ó bá dé, kí ó sì sọ ibi tí ó ń gbé. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Khartoum ní orílẹ̀-èdè Sùdáànì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ni ó há síbẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tó dé Àbújá. Ẹni tí a kò bá mọ̀ pé ó wà níbì kan, orúkọ rẹ̀ kò lè sí nínú àwọn tí a ó fi ọkọ̀ kó.

4. Nọ́ńbà fóònù. Kí ọmọ kọ nọ́ńbà òbí, ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ilé-iṣẹ́ aṣojú àti ti onílé sí orí ìwé, kí ó sì fi í sínú àpò. Kí ó há nọ́ńbà méjì ó kéré tán sórí. Fóònù a máa kú, a máa sọnù, a sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni.

5. Ibùgbé. Ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú, tàbí ní ẹnu bárékè, tàbí ní oríta ńlá, owó rẹ̀ ìbáà dínkù, kì í ṣe ilé àlejò. Kí ọmọ mọ onílé rẹ̀ dáadáa, kí ó sì máa kí aládùúgbò. Ẹni tí ará àdúgbò mọ̀ ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọn ń fi pamọ́ ní ọjọ́ ogun.

6. Owó àti oúnjẹ. Kí owó CFA tí yóò tó ọ̀sẹ̀ kan jẹun máa wà lọ́wọ́ ọmọ nígbà gbogbo, ní bébà, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Kí gààrí, omi, oògùn tí ó ń lò àti tọ́ọ̀ṣì má ṣe tán nínú yàrá rẹ̀ ní àkókò ìbò.

LỌ́JỌ́ ARIWO

Bí ọmọ bá wà nílé, kí ó dúró sílé. Kí ó jìnnà sí ojú fèrèsé, nítorí ìbọn tí a yìn sókè kò mọ ẹni tí ó ń wòran. Kí ó tan rédíò, kí ó gbọ́ bóyá a ti kéde kónílé-ó-gbélé àti aago tí yóò bẹ̀rẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, kí ó gbìyànjú láti pe fóònù ní tààrà tàbí kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí ìwọ̀nyí lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú.

Bí ariwo bá bá a ní ìta, kí ó má ṣe sá tẹ̀lé èrò. Ibi tí èrò ń sá lọ, ọlọ́pàá náà ń bọ̀ níbẹ̀. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn kúrò láàárín wọn díẹ̀díẹ̀, kí ó yà sí òpópónà kékeré, kí ó sì wọ ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí: ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwòsàn. Kí ó má dúró wòran. Kí ó má yọ fóònù láti ya fọ́tò. Kí ó má wọ aṣọ tí ó ní àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Bí èéfín tajútajú bá kàn án, kí ó má fi ọwọ́ nu ojú, nítorí ńṣe ni yóò máa ta á sí i. Kí ó jáde kúrò nínú èéfín náà lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ wà, kí ó fi omi mímọ́ bu ojú lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ó sì bọ́ aṣọ tí èéfín ti kó sí. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ rìn láìmú oògùn rẹ̀ dání.

Bí a bá dá a dúró ní ibi tí ológun ti ń yẹ ọkọ̀ wò, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní gbangba, kí ó dáhùn pẹ̀lẹ́, kí ó má sì jiyàn. Agídí tí ó dára nínú ìjíròrò kíláàsì kò ní àyè níbẹ̀.

BÍ A BÁ MÚ ỌMỌ

Àdéhùn àgbáyé kan wà, tí wọ́n ṣe ní ìlú Vienna ní ọdún 1963, lórí iṣẹ́ àwọn aṣojú ìjọba. Ẹsẹ 36 rẹ̀ sọ pé bí a bá mú àlejò ní ilẹ̀ òkèèrè, a gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí aṣojú ìjọba rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí aṣojú náà, aṣojú sì lè wá wò ó, kí ó sì bá a wá agbẹjọ́rò. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Faransé-sọ yẹ kí ó há ọ̀rọ̀ méjì yìí sórí: "Je suis étudiant nigérian. Je veux parler à mon ambassade." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ aṣojú ìlú mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yóò sọ pé "étudiante nigériane". Kí ó má fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà.

Kí òbí mọ ohun tí aṣojú kò lè ṣe pẹ̀lú. Kò lè fọ́ ẹ̀wọ̀n, kò sì lè sọ òfin ìlú onílùú di asán. Bí ọmọ bá jù òkò, aṣojú kò lè sọ pé kò jù ú. Ìdí nìyí tí ìwà pẹ̀lẹ́ fi ṣáájú agbẹjọ́rò.

IṢẸ́ ÒBÍ NÍLÉ

Bí ìròyìn bá dé sí Òkòkòmáíkò pé ìlú ti dàrú ní Kútọnu, ẹsẹ̀ òbí a máa yá láti sáré lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ibodè kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ó wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba wa ti ti ibodè orí ilẹ̀. Òbí tí ó bá sáré lọ lè há sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọmọ há sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ohun tí ó dára ni pé kí ẹbí ti fi àkókò kan sílẹ̀ láti ìgbà àlàáfíà. Bí àpẹẹrẹ, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yóò máa pè, ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí ni yóò sì máa gbọ́ ọ, tí yóò wá sọ fún àwọn ìyókù. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń pe fóònù ọmọ kan, bátìrì rẹ̀ yóò tán kí ó tó di alẹ́. Bákan náà, ohùn tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí a kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́, kí a má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ọmọ. Ìbẹ̀rù a máa lé ènìyàn jáde kúrò níbi tí kò sí ewu lọ sí ibi tí ewu wà.

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni èyí: kí ọmọ dúró ni tàbí kí ó máa bọ̀ nílé? Ohun tí ìrírí kọ́ni ni pé kí ó tètè kúrò, tàbí kí ó jókòó. Ẹni tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìbò ń gbóná, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ti dákẹ́, lè padà wálé nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní Bangladesh ní oṣù Keje ọdún 2024, bí nǹkan ti ń le, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Íńdíà ni ó padà sílé, púpọ̀ nínú wọn gba ibodè orí ilẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ aṣojú ìjọba wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí táyà bá ti ń jó lójú ọ̀nà kó tó pinnu láti kúrò, kí ó dúró sílé títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Ohun tí ó léwu jù ni kí ènìyàn wà láàárín méjì, lójú títì.

ÀWỌN ÀLEJÒ TI WA

A kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí láìwo ara wa. Ọ̀jọ́ ni ọgbà ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti ọdún 1983, àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà sì kún Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Níwájú lójú ọ̀nà kan náà, ní Àjárá lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni abúlé ẹ̀kọ́ èdè Faransé ti orílẹ̀-èdè yìí wà. A dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ́ èdè náà láìná owó ńlá lọ sí òkèèrè. Bí àwa ti ń ránṣẹ́ ọmọ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹlòmíràn lè wá bá wa.

Ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Láti ọjọ́ 8 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní ọ̀sán ọjọ́ 20, a kéde kónílé-ó-gbélé jákèjádò Ìpínlẹ̀ Èkó, pé yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà ti dí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì wà lẹ́nu iṣẹ́. A padà sún aago náà síwájú sí mẹ́sàn-án alẹ́. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó rú wa lójú. Báwo ni yóò ti rí fún ọmọ tí ó ti Kútọnu wá, tí Faransé nìkan yọ̀ mọ́ lẹ́nu?

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé ní Ìbà, ẹ̀yin bàálé àti ìyálé, bí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì bá ń gbé inú ọgbà yín, ẹ mọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà àwọn òbí rẹ̀. Bí ìjọba bá kéde ohunkóhun, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán ní ọjọ́ tí ọjà kò ṣí, ẹ bù fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo pé àlejò náà ni ó fa wàhálà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ni kí ẹ dìde sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára yín lọ, nọ́ńbà 112 àti 767 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí gbogbo òbí tí ó sin ọmọ dé ẹnu ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà ń fẹ́ ni kí ó tún pàdé rẹ̀ níbẹ̀ nígbà ìsinmi, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ àti ara líle. Ẹ má dúró di ìgbà tí rédíò bá sọ pé ìlú ti dàrú. Ní alẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín tí ó wà lẹ́yìn odi, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Ìwé ìgbélùú rẹ ha wà bí? O ha ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú wa bí? Nọ́ńbà wa ha wà lórí ìwé bí? Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ha wà nínú yàrá rẹ bí? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, òun ni iṣẹ́ ọ̀la.